Àfẹ́sọ́nà Tó Ń Gbé Ewé Wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin nílé, ẹ gbọ́ ná. Bí ọkùnrin kan bá ń fẹ́ ọmọ yín, tó gbé búrẹ́dì wá, ẹ ó gbà á. Bó gbé ẹja ọ̀sà wá, ẹ ó yọ ìfun rẹ̀, ẹ ó fi se ọbẹ̀, ẹ ó sì kí i kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ewé tútù ló ń dì sínú ọ̀rá wá ní gbogbo Sátidé, tó tún ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí lẹ ó rò? Ẹ má purọ́ fún mi. Ohun tí ẹ ó rò náà ni Màmá Abọ́sẹ̀dé Akínọ̀ṣọ́ rò.

Lójú fèrèsé ilé wọn ní Jakande Estate, ní Ìlasàn, ni Màmá dúró sí ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó fi kọ́tìnì bo ojú kan, ó ń fi ojú kejì wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bólúwadúró Odùbánjọ, àfẹ́sọ́nà Tiwátọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀, jókòó síbẹ̀ lórí àpótí. Ó yọ ewé kan nínú ọ̀rá, ó gbé e símú, ó fi áńkáṣíìfù funfun nù ún níwájú àti lẹ́yìn, ó sì já a sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ó tẹríba, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí nǹkan kan.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù," ni Màmá wí. "Ó ń pọfọ̀ sí i."

Bàbá Akínọ̀ṣọ́, ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Eku yẹn ló ń bá sọ̀rọ̀, Abọ́sẹ̀dé."

"Ta ló ń bá eku sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ rẹ náà ń bá a sọ̀rọ̀."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn! Kí ọkùnrin yìí tó dé, ṣé Tiwátọ́pẹ́ ń bá eku sọ̀rọ̀?"

Ká má parọ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kí ọkùnrin náà tó dé. Ṣùgbọ́n Màmá Abọ́sẹ̀dé kì í ṣe ẹni tí òótọ́ kékeré lè ba ìfura rẹ̀ jẹ́.

Eku tí à ń wí yìí, hámstà ni, èyí tí àwọn olówó ń sìn sínú ilé onírin kékeré. Irun rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yìn búrẹ́dì, kò ní ìrù tó ṣe é tọ́ka sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì dà bí àpò. Ìdílé kan ní Thomas Estate ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Kánádà, ọmọ wọn, tí Tiwátọ́pẹ́ ń kọ́ níwèé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Ajah, fi ẹkún bẹ̀ ẹ́ pé, "Àǹtí, ẹ bá mi tọ́jú Bísíkíìtì." Orúkọ tí ọmọ náà sọ ẹran náà nìyẹn. Tiwátọ́pẹ́ kò lọ́kọ, ó sì ku díẹ̀ kó pé ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé Bísíkíìtì wálé bí ìyá ìkókó. Màmá rẹ̀ wo ẹran tó ń fi ọ̀sán sùn, tó ń fi òru sáré lórí kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kankan, ó ní, "Ta ló sọ pé ẹran lásán lèyí?"

Màmá kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ọ̀kan pàtàkì ni lára àwọn ìyá ìjọ aláṣọ funfun kan ládùúgbò náà. Òun ló ń rán sùtánà fún wọn, bí ọmọ ọlọ́mọ bá sì ń ṣàìsàn, òun ni yóò kọ́kọ́ gbààwẹ̀. Kò kàn fọkàn tán ẹ̀dá ni.

Bí ìfẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bísíkíìtì kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ Tiwátọ́pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù rinrin, kò sáré mọ́, ó kàn ká jọ sí kọ̀rọ̀. Tiwátọ́pẹ́ gbé e dé ibi iṣẹ́, ó ń sunkún. Bàṣírát, obìnrin tó ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ní kó nu ojú.

"Mo mọ ẹnì kan ní Bàdóòrè tó ń sin ehoro. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ló kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ló ń jókòó sí báyìí ní èbúté Lekki Deep Sea Port, tí wọ́n ti ń yanjú ẹrù. Tó bá ti ráyè, inú oko ẹ̀fọ́ wọn ló máa ń wà. Màá pè é. Ó sì tún rẹwà."

"Mi ò bi yín ní ìyẹn, Àǹtí Bàṣírát."

"Mo mọ̀. Mo kàn fi ṣe ènì ni."

Nígbà tí Bólúwadúró dé, kò tiẹ̀ wo Tiwátọ́pẹ́ dáadáa. Ẹran ló kọjú sí.

"Kí lẹ fún un jẹ?"

"Kúkúmbà. Ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ààbọ̀."

"Ààbọ̀ kúkúmbà!" Ó yíjú sí i. "Àǹtí, ẹ wo bó ṣe kéré tó. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ìkòkò omi kan fún yín pé kí ẹ mu ún tán lẹ́sẹ̀ kan náà. Omi yẹn ló fa ìgbẹ́ gbuuru náà."

Ojú ti Tiwátọ́pẹ́, ó sì fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. "Ẹ má bínú. Ehoro tèmi ti kú rí, ewé tí wọ́n fín lóògùn kòkòrò ni mo rà fún wọn lójú ọ̀nà. Ìwé tí mo kà ò gbà mí lọ́jọ́ yẹn." Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Kí ó má fún un ní ewé títí ìgbẹ́ ẹran náà yóò fi le. Bó bá tún fẹ́ fún un, kí ó jẹ́ ìwọ̀n èékánná, oríṣi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ó wo bó ṣe gbà á kó tó fi òmíràn kún un. Omi lásán ni kó fi fọ̀ ọ́, kó má bu iyọ̀ sí i bí a ti ń fọ ẹ̀fọ́ tiwa, kó sì nù ún gbẹ. Ewé àlùbọ́sà àti ewé tòmátò kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

"Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ máa yẹ ibi tó ń sùn wò," ni ó fi kún un. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ló fi ń kó oúnjẹ lọ pamọ́. Tí ewé bá jẹrà síbẹ̀, tó tún wá jẹ ẹ́, wàhálà nìyẹn."

Tiwátọ́pẹ́ wò ó tìfura-tìfura. Ọkùnrin kan wà tó fi ọdún mẹ́rin bá a ṣeré, tó wá gbé ẹlòmíràn níyàwó. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin bá ṣe é lóore, yóò kọ́kọ́ wá ẹ̀yìn oore náà. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi àkókò yín ṣòfò lórí eku olóyìnbó?"

"Bàṣírát ní ẹ̀yin náà rẹwà," ni ó dáhùn, "mo sì ní kí n wá wò ó bóyá kì í ṣe irọ́."

Tiwátọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni Sátidé ti di ọjọ́ ewé. Lẹ́bàá ọ̀sà ní Bàdóòrè, lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ni Bólúwadúró ti ń já ẹ̀fọ́ yánrin àti ewé káróòtì tí wọn kò fín lóògùn. Á dì wọ́n sínú ọ̀rá, á kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, nítorí ọwọ́ tó ti di ata àti iyọ̀ mú lè kó bá ẹran kékeré. Gbogbo ilé gbọ́ ìkìlọ̀. Ìdí rẹ̀ ni ẹnì kan nínú wọn kò gbà gbọ́.

Ìfẹ́ wá wọlé bí ìfẹ́ ti ń wọlé. Bó bá ti di Ọjọ́bọ̀, Tiwátọ́pẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró ọkọ̀ tí kò sí. Ó ń kọrin nílé ìdáná, ó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ràn bó ṣe ń fetí sílẹ̀ bí òun bá ń sọ̀rọ̀, ó fẹ́ràn pé tó bá ṣìṣe, á sọ pé òun ṣìṣe. Màmá ń wo gbogbo rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pè é jókòó.

"Tiwátọ́pẹ́, ìwọ tó ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkùnrin mọ́. Bi ara rẹ léèrè, kí ló dé tí tẹni yìí fi yàtọ̀?"

"Ó níwà, Màámi."

"Gbogbo wọn ló ń níwà kí wọ́n tó dé ilé. Orúkọ bàbá ẹ̀ ńkọ́? Odùbánjọ. Odù! Ó tún wá ń gbé ewé rìn. Ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa la ojú ẹ ni?"

"Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ìyá ẹ̀ nìkan ni mùsùlùmí."

"Ẹ̀ẹ́n, ẹ̀sìn ti wá di mẹ́ta."

"Abọ́sẹ̀dé," ni Bàbá pè é láti yàrá, "bàbá tìrẹ náà, kí ni wọ́n ń pè é kó tó ṣe ìrìbọmi?"

Màmá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fi ọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀. "Wọ́n ríran sí mi ní ìsìn àdúrà. Wọ́n ní àwọn rí nǹkan tútù tó ń wọ ilé mi, kí n máa ṣọ́nà. Ọwọ́ ẹ náà lo fi ń mú ewé yẹn fún eku. Ṣé o ti rò ó rí?"

Kò rò ó rí. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti ń rò ó. Ó ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó bá bọ́ Bísíkíìtì tán, á tún lọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ojú á sì tì í. Ọkàn rẹ̀ yìí ti tàn án jẹ rí. Bí ìfẹ́ bá ń jó nínú rẹ̀ báyìí, ta ló dáná náà? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni àbí ewé? Ó dúró lẹ́nu ilé onírin náà, ó ń wo ẹran tó ń fi ọwọ́ kékeré méjì di yánrin mú, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ó wá dán an wò. Ó sọ fún Bólúwadúró pé iṣẹ́ pọ̀, kó má wá fún oṣù kan. Èrò rẹ̀ ni pé bó bá jẹ́ agbára ewé ni, yóò ṣá. Kò ṣá. Ó ń rántí ohùn rẹ̀ bó bá ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ó ń rántí áńkáṣíìfù rẹ̀. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, Màmá mi orí. "Ó ti wọ egungun nìyẹn." Irú ẹjọ́ yìí, ta ló fẹ́ jàre rẹ̀? Bó bá rántí ọkùnrin náà, ewé ni. Bó bá gbàgbé rẹ̀, Ọlọ́run ló gbà á lọ́wọ́ ewé.

Nígbà tí oṣù náà pé, wọ́n pàdé lẹ́bàá omi ní Bàdóòrè. Bólúwadúró kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi wá mọ àwọn èèyàn rẹ. Mi ò fẹ́ máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín mọ́ bí ẹni tó wá ta ẹ̀fọ́."

Ayọ̀ gbé ọkàn Tiwátọ́pẹ́ sókè, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sì jáde lẹ́nu rẹ̀. "Bólú, ewé yẹn… ewé lásán ni, àbí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì dúró. "Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Kò sí nǹkan. Mo kàn ń béèrè ni."

"Ewé lásán ni, Tiwa."

Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé kan. Nítorí pé ẹbí ni yóò bá wá lọ́jọ́ náà, Bólúwadúró gbé ewé ọ̀sẹ̀ náà wá ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Tiwátọ́pẹ́ gbà á, ó gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná, ó sì lọ dirun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fún Bísíkíìtì nínú ewé náà bó ti ń ṣe, ó kọjá lọ wẹ̀, ó lọ kun àtíkè. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀, imú rẹ̀ sì dí fún òtútù tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tó padà wá, ẹran náà ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ ń já lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ pa dé. Àlejò sì ti ń kan ilẹ̀kùn.

Bàṣírát ló ṣíwájú wọn gẹ́gẹ́ bí alárinà, ó wọ léèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Bólúwadúró, Àlájà Sàdíátù, tó ń yan ẹja ní Bàdóòrè, tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí mélòó kan sì gbé èso wọlé. Wọn ò tíì jókòó tán tí Tiwátọ́pẹ́ fi jáde láti yàrá, gèlè ò tíì sí lórí rẹ̀, ẹkún sì ti fọ àtíkè nù.

"Bísíkíìtì ń kú lọ. Ewé yìí ló jẹ."

Màmá Abọ́sẹ̀dé dìde, ó wọlé ìdáná lọ, ó sì gbé ewé tó kù wá nínú àwo funfun kan. Ó gbé e síwájú Bólúwadúró.

"Ọmọ mi, a ò bá ẹ jà," ni ó wí. "Ìwọ lo gbé ewé yìí wá. Lójú ẹbí tiwa àti tiyín, jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ ewé lásán, wàá jẹ ẹ́, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ ayọ̀ lọ."

"Ha! Ìyá ìyàwó!" ni Bàṣírát wí.

Àlájà Sàdíátù gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọmọ tèmi ò ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Bólú, jẹ ẹ́ kí wọ́n rí i."

Bólúwadúró mú ewé kan. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé e símú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná, ó wá gbé ojú sókè wo Màmá Abọ́sẹ̀dé, ó sì pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó dá ewé náà padà sínú àwo.

"Mi ò lè jẹ ẹ́, mà."

"Kí ló dé?" Tiwátọ́pẹ́ ló béèrè, ìyá rẹ̀ ò tíì lanu.

"Tiwa, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Ajah báyìí báyìí. Má fún un ní ewé kankan mọ́."

"Mo ní kí ló dé tó ò lè jẹ ẹ́?"

Àlájà Sàdíátù pe ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Màmá Abọ́sẹ̀dé na ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Bàṣírát fi ọwọ́ lérí. Àwọn àlejò gbé èso wọn, wọ́n jáde, Sàdíátù ló sì gbẹ̀yìn. "O tì mí lójú, Bólú," ni ó ń wí lórí àtẹ̀gùn, "o tì mí lójú lójú ayé."

Dókítà ẹran gba Bísíkíìtì là. Ó ní nǹkan tí kò bá a lára mu ló jẹ, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ ohun tó jẹ́. Tiwátọ́pẹ́ ò nílò àlàyé mìíràn. Ó ti rí ọkùnrin náà tó gbé ewé tara rẹ̀ símú, tó sì kọ̀ ọ́. Ó pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ohun tó dun ún jù ni pé ọkàn rẹ̀ kò gbọ́. Ó ń bẹ̀rù ọkùnrin náà, ó sì ń ṣàárò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ara rẹ̀. "Ó ti ràn mí lóòótọ́," ni ó ń wí. "Bí kò bá ràn mí, ṣé mo tún lè máa ronú ẹ̀?"

Màmá ń gbàdúrà lé e lórí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó gba àdúrà náà.

Inú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òtútù náà fi í sílẹ̀, ó sì ráyè fọ ilé onírin. Ìdààmú ti mú kó gbàgbé láti yẹ ibi tí Bísíkíìtì ń sùn wò. Nígbà tó gbọn koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ṣe ìtẹ́ rẹ̀, ewé wẹ́wẹ́ jáde, èyí tí ẹran náà ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó pamọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti gbẹ. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ etí wọn bí iyẹ̀pẹ̀ wínníwínní. Ó tọ́ ọ wò ní ṣóńṣó orí ahọ́n, iyọ̀ ni. Ó wá gbé e símú bí Bólúwadúró ti ń ṣe. Lọ́fínńdà ni òórùn náà. Lọ́fínńdà ìyá rẹ̀ ni, èyí tó ń gbóòórùn lára sùtánà láti kékeré ní gbogbo Sọ́ńdè. Ó ṣa ewé náà jọ, ó dìde.

Màmá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tiwátọ́pẹ́ gbé ewé náà sórí aṣọ funfun tó ń rán.

"Màámi, ẹ gbóòórùn èyí."

Ẹsẹ̀ Màmá dúró lórí ẹ̀rọ. Kò gbé ewé náà. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àtigbóòórùn rẹ̀.

"Omi àdúrà ni mo rẹ ẹ́ sí," ni ó sọ. "Ní Fúráìdé, nígbà tó o lọ dirun. Mo bu iyọ̀ sí i dáadáa, mo da lọ́fínńdà lé e, mo ní bí nǹkan kan bá wà nínú ẹ̀, kó jáde kí ọjọ́ ọ̀la tó dé. Mo gbé e sójú afẹ́fẹ́, ó gbẹ, mo dá a padà sínú ọ̀rá. Ọmọ mi lò ń ṣe, Tiwátọ́pẹ́. Ṣé kí n wá máa wò ẹ́ níran ni?"

"Ẹ rí i pé Bísíkíìtì ń kú, ẹ ò sì sọ."

"Omi àdúrà kì í pa èèyàn! Mo ti mu ún, mo ti fún ìwọ náà mu látìgbà tó o wà ní ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ẹran yẹn ṣubú, mo ní kò lè jẹ́ omi mi, agbára inú ewé ló ń bá omi mi jà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ó sọ fún wa pé a ò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí i. Gbogbo ilé ló sọ fún."

"Mo rò pé nítorí pé iyọ̀ máa ń ba òògùn jẹ́ ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Akínọ̀ṣọ́ pa tẹlifíṣọ̀n. Tiwátọ́pẹ́ ò rántí ìgbà tí bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Abọ́sẹ̀dé, ọmọkùnrin yẹn gbé ewé símú kó tó ní òun ò jẹ. Ó gbóòórùn lọ́fínńdà rẹ. Ó mọ̀."

Màmá bojú. "Ó wò mí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ò sì tó ìdajì ohùn rẹ̀. "Mo rò pé ojú ọ̀daràn ló fi ń wò mí. Ó wò mí, ó sì gbé e sílẹ̀."

"Kí ló dé tí kò sọ?" ni Tiwátọ́pẹ́ kígbe. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ó lè sọ ọ́!"

"Níwájú ìyá ẹ̀ àti ẹbí ẹ̀?" ni Bàbá bi í. "Ìyá ìyàwó gbé ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹran síwájú ọmọ wọn, ó ní kó jẹ ẹ́. Ká ní ó sọ ọ́, kí ni wọn ì bá pe ìyá rẹ?"

Màmá fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Wọn ì bá ní mo fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ní májèlé jẹ. Ó bò mí láṣìírí. Èmi tí mò ń lépa ẹ̀!" Ó gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n ké sí Bàṣírát pé kó bá àwọn lọ bẹ̀bẹ̀. Bàṣírát ní ká má rí i. "Bójú bá ti mọjú, alárinà á yẹ̀bá. Ẹ̀yin méjèèjì ti mọ ara yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mọ ọ̀nà Bàdóòrè." Àwọn ará ìjọ tí Màmá fọ̀rọ̀ lọ̀ ní ìyá ìyàwó kì í lọ sílé ọkọ lọ bẹ̀bẹ̀ kó lè rí ọmọ rẹ̀ fi fún wọn. Màmá wọ bàtà. Òun àti ọmọ rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ajah.

Àlájà Sàdíátù wà nídìí ààrò ẹja, èéfín bo ojú rẹ̀. Kó tó mọ ẹni tó dé, Màmá Abọ́sẹ̀dé ti wà lórí orúnkún nínú iyanrìn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, omi, iyọ̀, lọ́fínńdà. Kò fi ọ̀kan pamọ́, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kún ara rẹ̀.

Sàdíátù gbọ́ ọ tán. Ó yí ẹja kan padà lórí ààrò, ó yí òmíràn. "Ẹ mọ ohun tó dùn mí jù?" ni ó wí. "Mo bi ọmọ mi, mo bi í títí, kò sọ. Èmi tí mo bí i, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òótọ́ lẹ sọ. Mo tú yàrá ẹ̀ wò, Ìyá Tiwa! Mo ń wá òògùn lábẹ́ ibùsùn ọmọ tèmi."

"Ẹ forí jì mí."

"Màá forí jì yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀. Ẹ dìde, iyanrìn yẹn gbóná. Bólú wà lẹ́yìn ilé."

Tiwátọ́pẹ́ nìkan ló lọ bá a. Bólúwadúró jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, aṣọ ibi iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohùn wọn láti iwájú ilé, ó mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀. Kò dìde.

"Báwo ni Bísíkíìtì?"

"Ó ti ń sáré."

"Ó dáa. Mo mọ ohun tí ìyá rẹ rò, mi ò sì bá wọn bínú. Ìyá ni wọ́n. Ìwọ ni mo fẹ́ bi léèrè. Ní ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo ní mi ò lè jẹ ẹ́, ṣé o gbà gbọ́ pé mo fi nǹkan sí i?"

Gbogbo ohun tó ń wá ló dúró lórí ìdáhùn yìí, Tiwátọ́pẹ́ sì mọ̀. Rárá ló yẹ kó sọ. Rárá wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó dùn, ó sì rọrùn. Inú ọkùnrin náà ì bá dùn, wọn ì bá jọ padà sí iwájú ilé kí ẹja tó jinná. Ó wo omi ọ̀sà títí.

"Mo gbà á gbọ́," ni ó wí. "Kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan. Mo ti ń fọ ọwọ́ mi kúrò lára ewé rẹ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Gbogbo bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ, mo ní ewé ni. Mi ò rò pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ti inú mi wá fúnra ẹ̀ mọ́."

Ojú Bólúwadúró pọ́n. Tiwátọ́pẹ́ rò pé ó ti parí, ó sì yí padà láti máa lọ.

"Èmi náà rò pé ìwọ ni," ni ó wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Pé èmi kí ni?"

"Pé ìwọ lo da lọ́fínńdà sí i. O ní kí n má wá fún oṣù kan. O tún bi mí bóyá ewé lásán ni. Nígbà tí mo gbóòórùn ẹ̀, mo wo ìyá rẹ, mo ní bóyá àwọn ni, bóyá ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wá ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà lé mi. Kì í ṣe ìyá rẹ nìkan ni mo bò láṣìírí. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ pé ìwọ ni."

Ó ya Tiwátọ́pẹ́ lẹ́nu, ó sì dùn ún. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ọkọ̀ náà, àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn. "Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?"

"Ká fẹ́ra wa ni. Mo ti rò ọ́ sí ibi tó burú jù, ìwọ náà ti rò mí síbẹ̀, a ṣì jọ jókòó. Ibo ni mo tún fẹ́ lọ wá ẹlòmíràn?"

Tiwátọ́pẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ń já lójú rẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ ohun tó rò fún un, òun náà ń sọ tirẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ pani lẹ́rìn-ín, díẹ̀ sì dùn wọ́n. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn Màmá Abọ́sẹ̀dé fi ta láti iwájú ilé, ó ga, ìfura sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

"Tiwátọ́pẹ́! Kí lẹ ń sọ níbẹ̀ yẹn tí mi ò gbọ́?"

"Òótọ́ là ń sọ, Màámi," ni ó dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán."